Orúkọ ìdílé Murgatroyd: ibo ló ti wá, kí ló dé tó jẹ́ apá Halifax nìkan ló pọ̀ sí?

ÌyáTèmi:
Ẹ káàsán o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ní ìbéèrè kan, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ̀ nípa ìtàn orúkọ àwọn òyìnbó ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i. Ìyá ọkọ mi, Bradford ni wọ́n bí wọn sí, Murgatroyd sì lorúkọ bàbá wọn kí wọ́n tó lọ́kọ. Orúkọ yẹn ò wọ́pọ̀ rárá, látìgbà tí mo ti ń gbé lápá gúúsù England níbí mi ò tíì pàdé ẹni tó ń jẹ́ ẹ, ẹni tó bá sì gbọ́ ọ lẹ́nu mi á ní orúkọ inú eré ni. Àmọ́ nígbà tá a lọ kí màmá tí wọ́n mú wa dé Luddenden, abúlé kan tó wà nínú àfonífojì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Halifax ní Yorkshire, lápá àríwá England, inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì níbẹ̀ ni mo ti rí i lára òkúta ibojì, mo tún yí sápá kejì mo tún rí i, àwọn kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ tó jẹ́ pé ìka ni mo fi ń tọ lẹ́tà ara ẹ̀ kí n tó lè kà á.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, ibo gan-an lorúkọ yìí ti wá? Ṣé ẹbí kan ṣoṣo ni gbogbo wọn? Màmá ní bàbá àwọn máa ń sọ pé baba ńlá àwọn ló kọ́ ilé olókùúta ńlá kan ní Keighley, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi náà sì ti lọ ra àwòrán apata ìdílé kan, èyí tí wọ́n ń pè ní coat of arms, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní ti àwọn Murgatroyd ni. Ọmọ mi obìnrin ló ń kọ ìtàn ẹbí jọ báyìí, mi ò sì fẹ́ kó kọ nǹkan tí kì í ṣòótọ́ sílẹ̀, torí ohun tó bá kọ làwọn ọmọ tiẹ̀ náà á gbà gbọ́.

Adéògo_Yorks:
Àǹtí, ẹ kú ìbéèrè gidi. Orúkọ ilẹ̀ ni. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, àwọn ará ibẹ̀ yẹn ní tiwọn, ilẹ̀ tí èèyàn ń ro gan-an ni wọ́n fi ń pè é. Warley lorírun ẹ̀, Warley yìí ò jìnnà sí Halifax, ó wà láàárín Halifax sí Luddenden tẹ́ ẹ lọ yẹn, ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Murgatroyd láyé ọjọ́un, Hollins ni wọ́n wá ń pè é lẹ́yìn náà.

Royd tó wà nídìí ẹ̀ yẹn, ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣán igbó ẹ̀ kúrò kí wọ́n lè fi dáko ni, èyí tó ṣáájú ẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń sọ pé ó jẹ́ ọ̀nà tó lọ sí moor, ìyẹn pápá gbalasa orí òkè tí ò nígi. Ẹ wo Ackroyd, Holroyd, Boothroyd, Learoyd, Oldroyd, West Riding, ìyẹn apá ìwọ̀ oòrùn Yorkshire, ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò kúrò nítòsí odò Calder. Ohùn ẹnu wọn ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, torí rod ló jẹ́ tẹ́lẹ̀, àmọ́ àwọn ará ibẹ̀ máa ń fa ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn, coal ni wọ́n ń pè ní coil, hole ni wọ́n ń pè ní hoil, títí dòní ẹ ṣì lè gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà wọn. Nítorí náà bẹ́ ẹ bá ti rí royd nídìí orúkọ ẹ ti mọ apá ibi tẹ́ ẹ máa kọjú sí.

Ọdún 1371 ni wọ́n yan ọkùnrin kan ṣe kọ́ńsítébù Warley, wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ ní Látìn, Johanus de Morgateroyde, ìyẹn ni pé John ará Morgateroyde. Ìgbà yẹn náà lorúkọ bẹ́ẹ̀ ń di ohun tí bàbá ń fi sílẹ̀ fọ́mọ lápá àríwá England, apá gúúsù ti ṣáájú wọn díẹ̀. Ọdún 1379 ni wọ́n sì gba owó orí, àkọsílẹ̀ ti West Riding ò tíì sọ nù, abúlé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n to orúkọ àwọn èèyàn ẹ̀ sí. Yàtọ̀ síyẹn, abẹ́ ilé ẹjọ́ manor ti Wakefield, ìyẹn ilé ẹjọ́ olúwa tó ni ilẹ̀, ni Warley wà, ìwé ilé ẹjọ́ yẹn bẹ̀rẹ̀ láti 1274, yunifásítì Leeds ló ń tọ́jú ẹ̀ báyìí. Èmi ò mọ ibòmíì tí wọ́n ti tọ́jú ìtàn tálákà tó báyẹn, ẹni tí màlúù ẹ̀ jẹko olóko, ẹni tó gégi láìgbàṣẹ, ẹni tó gba ilẹ̀ bàbá ẹ̀ lẹ́yìn ikú, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀.

MáàpùLójúMi:
Kí n fi ti ibi tí wọ́n wà kún un. Orúkọ ilẹ̀ ò dọ́gba o. Ẹni tó ń jẹ́ Norton tàbí Sutton, abúlé tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ káàkiri England, ìdí nìyẹn tí àwọn Norton ò fi ní láti tan mọ́ra wọn rárá. Àmọ́ oko kan péré lorúkọ tiyín yìí ti jáde, ẹni tó bá ń jẹ́ ẹ, lórí òkè Warley yẹn ni ìtàn ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, bó bá tiẹ̀ jẹ́ Australia ló wà lónìí.

Tẹ́ ẹ bá wo ìkànìyàn 1881, èyí tí wọ́n gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, West Riding náà lẹ máa bá wọn, Halifax, Bradford, Keighley, àwọn díẹ̀ sọdá òkè Pennines bọ́ sí Lancashire. Ó lé díẹ̀ ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún lẹ́yìn John kọ́ńsítébù yẹn, wọn ò sì rìn jìnnà! Ohun tó fà á ni iṣẹ́ aṣọ. Ilẹ̀ orí òkè yẹn ò lọ́ràá, àgbàdo kọ́, àlìkámà kọ́, àgùntàn ló gbà, torí náà àgbẹ̀ ibẹ̀ ló tún ń hun aṣọ irun àgùntàn nínú ilé ẹ̀, ọjọ́ ọjà á gbé e lọ Halifax, iṣẹ́ méjèèjì yẹn ló ń bọ́ ọmọ, kò sídìí tí ọmọ á fi kó lọ. Nígbà tí ẹ̀rọ wá dé, ilé iṣẹ́ ìrànwú ló bá wọn ní àfonífojì nísàlẹ̀, John Murgatroyd kan ló kọ́ Oats Royd ní Luddenden lọ́dún 1847, ilé iṣẹ́ ńlá gbáà ni, èyí tó sì kù gba Bradford lọ torí ibẹ̀ lowó irun àgùntàn wà nígbà yẹn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀nà tí àwọn bàbá màmá gbà dé Bradford nìyẹn.

Àwọn tó ní orúkọ inú eré ni, òótọ́ díẹ̀ wà ńbẹ̀. Gilbert àti Sullivan, àwọn méjì tó ń ṣe eré olórin, fún ìdílé kan lórúkọ yẹn nínú eré wọn Ruddigore lọ́dún 1887, àmọ́ Cornwall ni wọ́n fi ìdílé inú eré yẹn sí, ìpẹ̀kun England níbòmíì pátápátá. Ẹ má wá Murgatroyd lọ Cornwall o.

ÌyáÌbejì_BD:
Mo ti dé ilé tí màmá ń sọ yẹn! East Riddlesden Hall ni, National Trust, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú àwọn ilé àtijọ́, ló ni ín láti 1934, èèyàn lè wọlé lọ wò ó. Òótọ́ ni pé Murgatroyd ló kọ́ ọ, James Murgatroyd, oníṣòwò aṣọ láti Warley, àwọn ọdún 1640 ló ń tún un kọ́. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo rí fún yín, lókè ẹnu ọ̀nà wọn fèrèsé róbótó kan wà bí òdòdó róòsì tó là, òkúta ni wọ́n gbẹ́ ẹ, irú ẹ̀ náà wà lára àwọn ilé oníṣòwò aṣọ mìíràn lápá Halifax. Lára ilé kékeré kan tó wà nínú ọgbà wọ́n gbẹ́ orí èèyàn méjì sí i, Ọba Charles Kìíní àti ìyàwó ẹ̀ Henrietta Maria, wọ́n kọ Vive le Roy sí i pẹ̀lú 1648. Ẹ rántí pé ọdún tó tẹ̀ lé e gan-an ni wọ́n bẹ́ orí ọba yẹn, ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́, ẹgbẹ́ ọba sì ti ń fìdí rẹmi, ọkùnrin yìí ṣì gbẹ́ ẹ sára ilé ẹ̀ pé kọ́ba pẹ́. Mo dúró síbẹ̀ mò ń wò ó ṣáá.

Àmọ́ àǹtí mi, ẹ má jẹ́ kí ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé baba ńlá wa ni James o. Gbogbo Murgatroyd ti Warley kọ́ ló lówó. Olówó kan máa wà, àwọn àbúrò, àwọn ọmọ ìyá, àwọn alágbàṣe bí ogún náà máa wà tó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ìwé ló máa sọ èyí tẹ́ ẹ jẹ́.

Ti àwòrán apata tí bọ̀dá yẹn rà, ẹ kàn gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. College of Arms ní London tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ yẹn sọ ọ́ gbangba pé kò sí apata tó jẹ́ ti orúkọ ìdílé, èèyàn kan ni wọ́n ń fún, àwọn ọmọ tó bá ti ọkùnrin ìdílé ẹ̀ wá ló sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ó máa ń dùn mí bí àwọn tó ń tà á ṣe ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ràn ẹbí ẹ̀.

Làbákẹ́_Sáyẹ́ǹsì:
Ṣé ẹbí kan ni gbogbo wọn? DNA lè dáhùn ẹ̀ dé ibì kan. Y kromosómù, ìyẹn apá kan nínú DNA ọkùnrin, bàbá nìkan ló ń fún ọmọkùnrin, orúkọ náà ọ̀nà bàbá ló ń gbà ní England, torí náà méjèèjì jọ ń rìn. Lọ́dún 2000 Bryan Sykes ti Oxford yẹ àwọn ọkùnrin tó ń jẹ́ orúkọ tiẹ̀ wò, Sykes náà orúkọ ilẹ̀ West Riding ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tó ní Y kan náà. Lọ́dún 2009 Turi King àti Mark Jobling ní Leicester ṣe ti orúkọ 40, wọ́n rí i pé bí orúkọ bá ṣe ṣọ̀wọ́n tó làwọn tó ń jẹ́ ẹ ṣe sábà ń bára wọn tan tó, ti Attenborough tó wá láti abúlé kan ní Nottinghamshire pọ̀ gan-an, ti Smith ò sí rárá.

Èyí tí ò bára mu, kò túmọ̀ sí pé wọn kì í ṣọmọ ilé o. Ọmọ tí wọ́n gbà tọ́, ọmọ tí ìyá ẹ̀ bí láìlọ́kọ tó wá jẹ́ orúkọ bàbá ìyá ẹ̀, ọkùnrin tó gba orúkọ ìyàwó ẹ̀ torí ogún, gbogbo ẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀, ọmọ ilé ni gbogbo wọn. Ohun kan ṣì wà, ọkọ yín ò lè ṣe àyẹ̀wò yìí torí ọ̀dọ̀ ìyá ni tiẹ̀ ti wá. Ọmọkùnrin ilé màmá ló máa ṣe é, arákùnrin wọn tàbí ọmọ ẹ̀ ọkùnrin.

ÌyáTèmi:
Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín. Màmá ní àbúrò ọkùnrin kan ní Shipley, wọ́n á gbà, ara wọn yá. Ìyá Ìbejì, èyí tẹ́ ẹ sọ nípa fèrèsé yẹn ti mú kí n fẹ́ lọ wò ó. Àmọ́ níbo ni kọ́mọ yìí ti bẹ̀rẹ̀? Bàbá màmá, 1920 ni wọ́n bí wọn, kò sí ìwé kankan nílé.

Adéògo_Yorks:
Ẹ bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ bàbá màmá kẹ́ ẹ máa fà á sẹ́yìn, ẹ má ti 1371 bọ̀ wá síwájú, ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn ti ń ṣìnà. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú sílẹ̀ ní England àti Wales lóṣù Keje 1837. Ẹ lọ sí sáìtì GRO, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú ìwé wọ̀nyí, ìtọ́ka ìbí wọn níbẹ̀ ń fi orúkọ tí ìyá ọmọ ń jẹ́ kó tó lọ́kọ hàn láti 1837, ìyẹn ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ Murgatroyd tiyín yàtọ̀ sí ti ẹlòmíì ní Bradford. Ẹ gba sáàfíkéètì bàbá màmá, ẹ máa rí orúkọ òbí wọn, ẹ wá wọn nínú ìkànìyàn 1921, lẹ́yìn náà 1911, kẹ́ ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ lọ́dún mẹ́wàá mẹ́wàá dé 1841. Láti 1851 ìkànìyàn ń sọ páríìṣì tí wọ́n ti bí èèyàn, ibẹ̀ lẹ máa ti mọ̀ bóyá Luddenden ni àbí Keighley.

Tẹ́ ẹ bá kọjá 1837, ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ló kù. Ti Halifax bẹ̀rẹ̀ láti 1538, ọdún tí Thomas Cromwell, mínísítà àgbà Ọba Henry Kẹjọ, pàṣẹ pé kí gbogbo páríìṣì máa kọ ìsàmì, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sílẹ̀. Páríìṣì yẹn tóbi gan-an, ó láwọn ṣọ́ọ̀ṣì kéékèèké lábẹ́ ẹ̀, torí náà ẹ wo ti Luddenden náà. Akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì ń kọ ohun tó bá gbọ́ ni, ẹ wá Murgatroid, Murgitroyd, Mergatroyd, kódà kẹ́ ẹ wo M lápapọ̀. Àwọn míì sì wà tí kì í ṣe ìjọ Áńgílíkà, wọ́n pọ̀ lórí òkè yẹn, ìwé tiwọn wà lọ́tọ̀.

MáàpùLójúMi:
Àti ìwé ìhágún o! Àwọn tó kú kó tó di 1858, ti apá Yorkshire yẹn, Borthwick Institute, ibi tí wọ́n ń tọ́jú ìwé àtijọ́ sí ní yunifásítì York, ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ wà. Ẹni tó ń hun aṣọ máa ń pín ẹ̀rọ ìhunṣọ ẹ̀ fọ́mọ kan, ilẹ̀ fún èkejì, ó máa dárúkọ gbogbo wọn, ìwé kan ṣoṣo lè so ìran mẹ́ta pọ̀ fún yín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ bá James onílé Riddlesden tan, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò ju ibikíbi lọ.

ÌyáTèmi:
Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Mo pe àbúrò màmá lálẹ́ yìí, wọ́n ní bàbá àgbà tiwọn, ilé iṣẹ́ ìrànwú kan ní Luddenden ló ti ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó kó wá sí Bradford, wọn ò rántí orúkọ ibẹ̀. Mo ti béèrè fún sáàfíkéètì 1920 yẹn, tó bá dé màá gbé ohun tó wà ńbẹ̀ síbí fún yín.