Mo fẹ́ máa kọ ohun tó ń dùn mí sílẹ̀, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ jọ̀ọ́ o, tí mo bá ti dùbúlẹ̀ lálẹ́ báyìí, gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo gbé mì lọ́sàn-án ló máa ń padà wá, inú á wá máa bí mi. Wọ́n ní kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀. Mo jókòó ti ìwé, n ò rí nǹkan kan kọ. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Èsì 1:
Ẹ má wá gbólóhùn tó dáa rárá. Ẹ kọ "inú ń bí mi torí pé..." kẹ́ ẹ jẹ́ kọ́wọ́ yín máa lọ, kò sẹ́ni tó fẹ́ máàkì ẹ̀. James Pennebaker, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá kan, gbé ìwádìí jáde nípa ẹ̀ lọ́dún 1986, ó ní káwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ìṣẹ́jú 15 kọ ohun tó dùn wọ́n jù, ọjọ́ 4 léraléra. Tí wọ́n bá kọ ọ́ tán, ara wọn kì í yá o, àmọ́ nígbà tó yá, àwọn tó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti bó ṣe rí lára wọn ò lọ sílé ìwòsàn tó àwọn yòókù. Torí náà tí omijé bá dé, ẹ jẹ́ kó wá.

Èsì 2:
Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ má kọ ọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ ò ní rí oorun sùn. Ìrọ̀lẹ́ lèmi máa ń kọ tèmi, èyí tí n ò bá fẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí, mo máa ń ya á ni.

Olùbéèrè:
Tó bá jẹ́ fóònù ni mo fi kọ ọ́ ńkọ́?

Èsì 2:
Kò burú, ẹ ṣáà fi páásíwọ̀ọ̀dù sí i.