Ìpara steroid fún eczema: kí lojú yín ti rí?

Màmá Dámi: Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Eczema, àìsàn awọ ara tó máa ń yúnni yẹn, ń da ọmọ mi láàmú, ẹ̀yìn orúnkún àti ibi tí apá ti ń ká ló pọ̀ sí jù, ó ń họra lóru débi pé ẹ̀jẹ̀ ń kan aṣọ ibùsùn. Dókítà kọ hydrocortisone, ìpara steroid tó ń mú kí wíwú àti yíyún rọlẹ̀, mo wá ka ìwé inú páálí ẹ̀, wọ́n ní ó lè sọ awọ ara di fẹ́lẹ́. Àyà mi já. Mi ò tíì ṣí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lò ó ńkọ́?

Adúmáradán: Ẹ fi pa á jàre.

Ìbàdí Àrán: @Adúmáradán kò rọrùn báyẹn o. Clobetasol ni wọ́n fún èmi, ó wà lára àwọn tó le jù, mo fi ń pa ojú mo fi ń pa ọrùn fún ọdún gbọọrọ, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé kò yẹ kó máa kan ojú. Ìgbà tí mo dá a dúró, yéè! Ojú mi wú, ó ń sun omi, ó ń bó, òtútù ń mú mi nínú oòrùn, ibi tí eczema ò dé rí gan-an ń jó mi. Mo gbé e lọ bá dókítà, ó ní eczema yẹn náà ló padà wá, ó tún kọ clobetasol míì fún mi! Mo kàn ń wò ó ni.

Arẹwà: Ó tún kọ ọ̀kan náà 😭 èmi ni wọ́n sọ fún pé àròjù ló ń ṣe mí.

Jẹ́ka Wádìí: Ẹ má bínú o, eczema kúkú máa ń lọ kó tún bọ̀. Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé kì í ṣe òun?

Ìbàdí Àrán: Torí pé tèmi kì í jóni tẹ́lẹ̀, yíyún ló máa ń yún! Ẹ̀yin lẹ ni ara ni àbí èmi? MHRA tó ń bójú tó oògùn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kìlọ̀ ní 2021 pé téèyàn bá dá ìpara steroid dúró, irú èyí lè ṣẹlẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Pẹ̀lẹ́: Kì í ṣe irọ́, ó ń ṣẹlẹ̀, àmọ́ èyí tó le téèyàn lò pẹ́, pàápàá lójú tàbí lábẹ́, ló sábà ń fà á. Màmá Dámi, hydrocortisone 1% wà lára àwọn tó rọjú jù. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìka ìfábẹ̀lá yín láti oríkèé tó gbẹ̀yìn dé ṣóńṣó, ìyẹn á kárí ibi tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ àgbà méjì pẹ̀lú ìka. Ìbẹ̀rù ló ń jẹ́ ká máa fi tín-ín-rín pa á, kò wá ní san, àá wá máa lò ó lọ.

Màmá Dámi: Ẹ ṣé mọ̀mí nọ́ọ̀sì. "Níwọ̀nba" ni wọ́n kọ sára tèmi. Ìwọ̀nba wo?

Bàbá Kékeré: Ìpara tacrolimus lèmi ń lò, kì í ṣe steroid, ó kọ́kọ́ ta mí lára gan-an. Ìyàwó mi rí i pé wọ́n dárúkọ jẹjẹrẹ lára páálí, ó ní kí n jù ú nù. Mo ju páálí nù.

Jẹ́ka Wádìí: 😂😂😂

Arẹwà: Jẹjẹrẹ kẹ̀???

Nọ́ọ̀sì Pẹ̀lẹ́: FDA tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà ló fi ìkìlọ̀ yẹn sí i ní 2006, torí àyẹ̀wò lára ẹranko àti ìròyìn nípa àwọn aláìsàn kan. Wọn ò fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé òun ló fà á.

Adúmáradán: Èmi ti kúrò nídìí ìpara, abẹ́rẹ́ dupilumab ni, ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Ara ń dán, ẹyinjú ló wá ń pọ́n tó ń yún báyìí. Ṣé ẹ rí ayé?

Arẹwà: Ó dáa kẹ́ ẹ rí dókítà tó mọ̀ ọ́n. Tèmi ń wá ibi tó pupa, èmi tí mo dú báyìí! Eczema mi kì í pupa, ṣe ló máa ń dú sí i, á wá le gbandi.

Bàbá Kékeré: Wọ́n wí fún èmi náà, "kò burú púpọ̀". Mi ò sì sùn mọ́jú.

Ìbàdí Àrán: Tó bá tún lọ tán á fi ojú ibẹ̀ sílẹ̀ ní funfun, wọ́n á ní ìpara ló bó ọ.

Jẹ́ka Wádìí: Ìpara náà ni.

Nọ́ọ̀sì Pẹ̀lẹ́: Eczema fúnra ẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìpara náà lè ṣe é. Ẹ fi han dókítà.

Ìbàdí Àrán: Èwo nínú wọn? Alágbàtà clobetasol yẹn?