Bí a ṣe ń ṣàtúnṣe àkọsílẹ̀ gbèsè nínú Microsoft Access

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Aṣọ òfì ni mo ń tà ní ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, inú Access, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀, ni mo sì ń kọ orúkọ àwọn oníbàárà mi àti iye tí wọ́n jẹ mí sí. Bí ẹnìkan bá san díẹ̀, tí mo pa iye àtijọ́ rẹ́ láti kọ tuntun, ṣé mo ṣì lè rí ti tẹ́lẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, mà. Bí ẹ bá ti kúrò lórí ìlà kan bọ́ sí òmíràn, Access ti fi àtúnṣe yín pamọ́ nìyẹn, kò sì ní béèrè lọ́wọ́ yín. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀ ni bọ́tìnnì Esc lè dá a padà. Nítorí náà, ẹ má pa iye gbèsè rẹ́ rárá. Ẹ ṣe tábìlì kejì fún owó tí wọ́n ń san: bí ẹni tó jẹ 40,000 náírà bá san 15,000, ẹ fi ìlà tuntun kún un pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣírò 25,000 tó kù.

Ìdáhùn: Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ má sì fi orúkọ so tábìlì méjèèjì pọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ló ń jẹ́ Àdùkẹ́. AutoNumber, ìyẹn nọ́ńbà tí Access fúnra rẹ̀ ń fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan, ni kí ẹ lò.