Sobo gbígbóná dípò tíì lálẹ́

Ìyá Ìbejì, Ìkẹ́rẹ́: Ẹ kú ilé o. Sobo gbígbẹ ni mo fẹ́ fi rọ́pò tíì lálẹ́, torí kò ní kaféènì tó ń lé oorun. Àmọ́ ó ń kan jù, iyanrìn sì ń wà nísàlẹ̀ ife.

Bàbá Adé, Adó: Ẹ má sè é, mà. Ẹ yára ṣàn án nínú omi tútù. Tẹ́ ẹ bá rẹ ẹ́, àwọ̀ rẹ̀ á bá omi lọ. Ṣíbí tíì 2 sí ife kan, ẹ da omi híhó lé e, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú 5, kẹ́ ẹ sẹ́ ẹ. Tó bá pẹ́ jù, á kan gógó.

Ọmọ Ìdó: Ẹ má lo ìkòkò alumíníọ̀mù o, kíkan rẹ̀ ń jẹ ẹ́.

Ìyá Ọmúò: Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó bi dókítà ná: sobo náà ń fà á wálẹ̀. Kí aboyún yẹra fún un.