Ìbéèrè: Disney ní Orlando lóṣù kẹwàá, aago páàkì ò tíì jáde. Ká dúró ni, àbí ká máa sanwó lọ?

Ìyá Ìbejì
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àwa mẹ́fà la fẹ́ fi mọ́tò lọ sí Walt Disney World, ibi ìgbafẹ́ ńlá tó ní páàkì eré mẹ́rin ní Florida, láti Atlanta: èmi àti bàbá wọn, màmá ọkọ mi tí wọ́n ti lé ní 70, àwọn ìbejì obìnrin ọmọ ọdún méje, àti Ìdòwú tí kò ní tíì pé ọdún mẹ́ta (oṣù kọkànlá ló máa pé e). Iléèwé ti fún wa ní déètì ìsinmi wọn. Sátidé ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá la fẹ́ wọ òtẹ́ẹ̀lì, Fúráìdé ọjọ́ 16 la máa jáde. Bàbá wọn sì gbọ́dọ̀ kọ̀wé gba àyè níbi iṣẹ́ lóṣù yìí.

Àmọ́ tí mo bá ṣí kàlẹ́ńdà páàkì wò, oṣù kẹwàá ò sí níbẹ̀. Wọn ò tíì sọ aago tí wọ́n máa ṣí àti aago tí wọ́n máa tì, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò tíì sọ àwọn alẹ́ tí àríyá Halloween máa bọ́ sí. Ṣé ká dúró dìgbà tí gbogbo ẹ̀ bá jáde ni? Báwo lèèyàn ṣe ń mọ páàkì tó máa lọ lọ́jọ́ wo nígbà tí kò mọ aago?

Bàbá Tòkunbọ̀
Ẹ má dúró, mà. Yàrá ló ń tán, aago kì í tán.

Ẹ ra yàrá àti tíkẹ́ẹ̀tì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tí wọ́n ń pè ní package. $200 ni àsansílẹ̀ rẹ̀. Ìyókù owó di ọgbọ̀n ọjọ́ kí ẹ tó dé, ìyẹn ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án. Tí ọ̀gá bàbá wọn bá kọ̀ láti fún wọn láyè, ẹ lè fagi lé e kí ọjọ́ yẹn tó kọjá, owó yín á padà wá. Tí ẹ bá jẹ́ kó kọjá kí ẹ tó fagi lé e, $200 ti wọgbó nìyẹn. Ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì nìkan lọ́tọ̀ ò ní àǹfààní yìí. Wọn kì í dá owó tíkẹ́ẹ̀tì padà. Wọ́n lè bá a yí déètì rẹ̀ padà, á sì fi owó lé e tí déètì tuntun bá wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ní ti ọjọ́ àti páàkì, ẹ wo bí tíkẹ́ẹ̀tì yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọlọ́jọ́ mẹ́rin kì í ṣe ọjọ́ mẹ́rin tó tẹ̀ léra. Ọjọ́ méje ni wọ́n fún yín láti fi lò ó tán. Ọlọ́jọ́ mẹ́ta, ọjọ́ márùn-ún. Ọlọ́jọ́ márùn-ún, ọjọ́ mẹ́jọ. Ẹ mú ọlọ́jọ́ mẹ́rin kó bẹ̀rẹ̀ ní Sọ́ńdè ọjọ́ 11, ó ṣì wà láàyè títí di ọjọ́ 17. Láti ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 2024 ni wọn ò ti fi dandan lé e mọ́ pé kí ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì olódéètì sọ páàkì tó máa wọ̀ ṣáájú. Nítorí náà ẹ lè sanwó lónìí láìmọ páàkì ọjọ́ kankan. Ìdòwú ò nílò tíkẹ́ẹ̀tì rárá. Owó ọmọdé lẹ máa san fún àwọn ìbejì, torí ọdún 3 sí 9 ni wọ́n ń kà sí ọmọdé. Ẹni ọdún 10 ti dàgbà lójú tiwọn.

Ẹ ṣọ́ra fún yàrá. Yàrá tí owó ẹ̀ rọjú níbẹ̀, ẹni mẹ́rin ló gbà, àti ọmọ kan tí kò tíì pé mẹ́ta nínú ibùsùn ìkókó. Ẹ wá family suite, ìyẹn yàrá ńlá fún ìdílé, ní òtẹ́ẹ̀lì Disney tó ń jẹ́ Art of Animation tàbí All-Star Music. Ó gba ẹni mẹ́fà, ó sì ní balùwẹ̀ méjì. Òun ló ń kọ́kọ́ tán tí ìsinmi iléèwé bá ń bọ̀.

Àǹtí Ẹ̀bùn
Ohun tí Bàbá Tòkunbọ̀ sọ ló pé. Ẹ jẹ́ n fi ti aago kún un.

Nígbà tí aago oṣù kẹwàá bá kọ́kọ́ jáde, ẹ má gbà á gbọ́ tán. Wọ́n sábà máa ń gbé aago kúkúrú síta, tí wọ́n á sì fi wákàtí kan tàbí méjì kún un nígbà tí ọjọ́ bá ń sún mọ́lé. Ohun tó lè gé e kúrú ni àríyá Halloween ní Magic Kingdom, ọ̀kan nínú páàkì mẹ́rin náà. Lọ́jọ́ àríyá, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni páàkì parí fún ẹni tó ní tíkẹ́ẹ̀tì lásán. Aago méje sí méjìlá òru ni àríyá fúnra rẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ ló ní, ẹni tó bá ra á lè wọlé láti aago mẹ́rin. Wọ́n ń so báńdì mọ́ ọwọ́ wọn, torí náà kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe fẹ́ fara pamọ́ síbẹ̀.

Ẹ má tíì kọ déètì. Ẹ kọ irú ọjọ́. Ọjọ́ kan fún Magic Kingdom nígbà tí àríyá wà, tàbí nígbà tí kò sí. Èwo lẹ fẹ́? Tí ẹ bá fẹ́ wo iná tí wọ́n ń yìn sójú ọ̀run lẹ́yìn ààfin Cinderella tó wà níbẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ wá lọ́jọ́ tí kò sí àríyá. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé ọjọ́ yẹn lèrò máa ń pọ̀ jù, torí gbogbo ẹni tó sá fún aago mẹ́fà ló máa ya wá. Ọjọ́ àríyá gan-an ni ìlà máa ń kúrú lọ́sàn-án. Pẹ̀lú ọmọ ọdún méjì àti màmá àgbà, èmi á mú ọjọ́ àríyá, kí n wọlé ní kùtù, kí n sì ti kó wọn jáde ní aago márùn-ún kí èrò tó rọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Àríyá máa ń tó alẹ́ mélòó kan lọ́sẹ̀ lóṣù kẹwàá. Ti Sátidé ló ṣọ̀wọ́n.

Animal Kingdom ló máa ń tètè tì jù. Ọjọ́ tí ẹ bá lọ síbẹ̀, ẹ jí ní kùtù, kí ẹ fi ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀ fún odò ìlúwẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì. EPCOT yàtọ̀ sí i. Apá tí àwọn orílẹ̀-èdè wà ò ní ṣí títí di aago 11, iná alẹ́ wọn sì sábà máa ń jẹ́ aago mẹ́sàn-án. Ẹni tó bá ti fi gbogbo agbára ẹ̀ tán níbẹ̀ láàárọ̀ á sùn lọ kí iná tó bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Ìbejì
Ẹ ṣé gan-an. Orí mi ti ń fúyẹ́. Ohun méjì ló kù. Táíwò ga tó ínṣì 45, Kẹ́hìndé 43. Orúnkún sì ń dun màmá, wọn ò lè dúró pẹ́ lórí ìlà.

Ọmọ Ìlọrin
Ínṣì méjì yẹn máa dá ìjà sílẹ̀ o. Àwọn ẹ̀rọ eré kan ní gíga tí ọmọ gbọ́dọ̀ tó kó tó gùn wọ́n: ínṣì 44 ni Space Mountain, Expedition Everest àti Flight of Passage. Bó ṣe rí báyìí, Táíwò á gùn ún, Kẹ́hìndé á dúró síta. Èyí tí àwọn méjèèjì lè gùn pọ̀: Slinky Dog Dash àti Seven Dwarfs Mine Train (38), Test Track (40), Guardians of the Galaxy (42). TRON jẹ́ 48, ẹ má tiẹ̀ dárúkọ rẹ̀ nílé.

Ẹ wọn Kẹ́hìndé lẹ́ẹ̀kan sí i ní ìparí oṣù kẹsàn-án, kó wọ bàtà tó máa wọ̀ lọ, torí pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀n wọ́n lẹ́nu ọ̀nà. Àtàrí ni kí ẹ wọ̀n dé, ẹ má ka ṣùkú mọ́ ọn. Ẹ má sì ki nǹkan sínú bàtà rẹ̀. Irin tó ń di ọmọ mú lórí ìjókòó ni wọ́n fi gíga yẹn ṣe ìwọ̀n fún.

Fún Ìdòwú, ẹ béèrè Rider Switch lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀rọ kí ẹ tó tò. Òbí kan á bá àwọn ìbejì tò, èkejì á dúró ti ọmọ. Tí ẹni àkọ́kọ́ bá jáde, èkejì á gba ọ̀nà kúkúrú wọlé láìtún ìlà tò.

Ti màmá: ètò àkànṣe tí wọ́n ń pè ní DAS kì í ṣe fún orúnkún. Àwọn tí kò lè fara da ìlà gígùn nítorí ìpèníjà ìdàgbàsókè ọpọlọ bí autism ni wọ́n fi sílẹ̀ fún. Àga onítáyà ni kí ẹ wá, wọ́n sì lè gbé e gba inú ọ̀pọ̀ ìlà kọjá pẹ̀lú màmá lórí rẹ̀. Wọ́n ń yá a lẹ́nu géètì páàkì kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń rí gbà, kò ṣeé gbà sílẹ̀ ṣáájú. Èyí tó ń lo bátìrì máa ń tètè tán. Ẹ tọ́jú rìsíìtì o: tí ẹ bá kọjá sí páàkì míì lọ́jọ́ kan náà, òun lẹ máa fi gba òmíràn láìtún sanwó.

Arìnrìnàjò GA
Mo fẹ́ ta ko ẹ̀yin tó ń ti obìnrin yìí sí òtẹ́ẹ̀lì Disney. Ẹni mẹ́fà! Ilé odindi ní Kissimmee, ìlú tó wà nítòsí ibẹ̀, yàrá mẹ́ta, ilé ìdáná, kò ní tó owó suite yẹn. Màmá á rí ibi ro àmàlà wọn.

Bàbá Tòkunbọ̀
Òótọ́ ni ti àmàlà. Àmọ́ ìbéèrè wọn dá lórí àìmọ aago, ibẹ̀ sì ni òtẹ́ẹ̀lì Disney ti ṣe yàtọ̀. Ẹni tó wà níbẹ̀ lè gba ìjókòó ilé oúnjẹ ní 60 ọjọ́ ṣáájú ọjọ́ tó máa wọlé, kó sì gbà á fún gbogbo ọjọ́ tó máa lò, tó bá ti mọ sí mẹ́wàá. Ẹni Kissimmee á máa jí lójoojúmọ́ fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Lightning Lane, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n ń sanwó kún láti fo ìlà, ọjọ́ méje ṣáájú ìwọlé ló ń ṣí fún ará òtẹ́ẹ̀lì, ọjọ́ mẹ́ta péré fún ẹni ìta. Nígbà yẹn aago ti dúró, wọn kì í sábà yí i padà mọ́. Ẹ fi ìṣẹ́jú 30 tí wọ́n fi ń wọlé ṣáájú èrò láràárọ̀ kún un, àti owó páàkì mọ́tò tí ẹni Kissimmee máa san lójoojúmọ́. Kí màmá jẹ àmàlà kí wọ́n tó kúrò ní Atlanta.

Ẹ mọ̀ pé ẹ lè fagi lé ìjókòó oúnjẹ títí di wákàtí méjì ṣáájú. Tí ẹ kò bá fagi lé e tí ẹ kò sì yọjú, $10 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè gbà á kí ẹ tó mọ̀ bóyá àríyá wà lọ́jọ́ yẹn.

Ìyá Alásè
Ẹ gbé oúnjẹ lọ, wọ́n gbà á. Kò gbọ́dọ̀ sí nínú ìgò, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó nílò gbígbóná tàbí fíríìjì, kò sì gbọ́dọ̀ ní òórùn líle. Ó wà nínú òfin wọn bẹ́ẹ̀, torí náà pańla àti ọbẹ̀ irú, ilé ni kí wọ́n wà. Chin-chin, búrẹ́dì, ẹ̀pà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìpékeré, kò sẹ́ni tó máa wò yín. Kúlà ò gbọ́dọ̀ ju ínṣì 24 ní gígùn, 15 ní fífẹ̀, 18 ní gíga. Wọn kì í gba yìnyín wẹ́wẹ́. Ẹ di omi nínú ike sínú fíríṣà mọ́jú, òun lẹ máa fi tu kúlà, ẹ ó sì mu ún tó bá yọ́. Kẹ̀kẹ́ Ìdòwú ò gbọ́dọ̀ ju ínṣì 31 ní fífẹ̀ àti 52 ní gígùn, wọn kì í sì í gba ọmọlanke onítáyà mẹ́rin tí wọ́n ń fà. Tí òùngbẹ bá ń gbẹ yín, ẹ béèrè omi tútù níbi tí wọ́n ti ń ta mínírà inú kọ́ọ̀pù, ọ̀fẹ́ ni.

Arìnrìnàjò GA
Ó dáa, mo gbà lórí òtẹ́ẹ̀lì. Ti ọ̀nà: bíi máìlì 440 ni, I-75 gba Macon àti Valdosta dé Wildwood, kí ẹ bọ́ sórí Turnpike, kí ẹ wá gba 429, ọ̀nà olówó ni àwọn méjèèjì. Peach Pass yín, tí ẹ fi ń san owó ọ̀nà ní Georgia, ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ibi tí wọ́n ti ń gba owó ọ̀nà ní Florida, ẹ rí i pé owó wà nínú rẹ̀.

Oṣù kẹwàá ṣì wà nínú àsìkò ìjì líle, tó máa ń jẹ́ oṣù kẹfà sí ìparí oṣù kọkànlá. Ní 2024, alẹ́ ọjọ́ 9 oṣù kẹwàá ni ìjì Milton balẹ̀ ní Florida. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti páàkì lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, gbogbo ọjọ́ 10 ni wọ́n fi tì, ọjọ́ 11 ni wọ́n ṣí. Ọ̀sẹ̀ yín gan-an nìyẹn. Tí National Hurricane Center bá kéde ìkìlọ̀ ìjì fún Orlando tàbí fún ibi tí ẹ ń gbé láàárín ọjọ́ méje kí ẹ tó dé, Disney máa ń jẹ́ kí ẹ sún package síwájú tàbí kí ẹ fagi lé e láìgba owó ìtanràn. Ìyẹn ò kan ohun tí ẹ bá rà níbòmíì.

Àǹtí Ẹ̀bùn
Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí Facebook. Àgbà tó kọ́kọ́ lò ó ti fi ìka tẹ ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà, ìka ẹlòmíì ò ní bá a mu.

Ìyá Ìbejì
Mo ti kọ ọ́ sára fíríìjì. Alẹ́ òní, package. 10/8, aago mẹ́fà àárọ̀, ìjókòó oúnjẹ. 10/9, ìyókù owó. 3/10, aago méje àárọ̀, Lightning Lane. Ṣé mo pé?

Ọmọ Ìlọrin
Ó ku díẹ̀. Oṣù kẹjọ ní ọjọ́ 31, nítorí náà ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ni 60 ọjọ́ yín, kì í ṣe ọjọ́ 10. Tí ẹ bá jí lọ́jọ́ 10, ó máa sọ pé kò tíì ṣí. Ẹ sì kọ orúkọ oṣù jáde, mà. Bàbá wọn á ka 10/8 yẹn sí ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá bí ará Amẹ́ríkà.