Síkáàfù Hermès yìí, ṣé ojúlówó ni àbí féèkì?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa aṣọ, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ra síkáàfù Hermès kan (ilé iṣẹ́ aṣọ olówó ńlá ilẹ̀ Faransé ni Hermès) lọ́wọ́ ìyá kan tó ń ta òkìríkà l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí, látìgbà yẹn lọkàn mi ò ti balẹ̀. Mo wọ̀n ọ́n, ó pé 90 sẹ̀ǹtímítà lóòró àti níbùú bíi ti ojúlówó, àmọ́ ìyẹn ò sọ nǹkan kan, ṣebí àwọn tó ń ṣe féèkì náà ní téèpù. Wọ́n ní ọwọ́ ni wọ́n fi ń ká etí ojúlówó, ojú aṣọ ni wọ́n máa ń ká a sí, kì í ṣe ẹ̀yìn, ó sì máa ń wú díẹ̀. Tèmi ká síwájú lóòótọ́ ṣùgbọ́n ó pẹlẹbẹ, ṣé ẹnì kan ló ti fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ pa ni àbí maṣíìnì ló rán an? Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fa fọ́nrán òwú kan yọ kí n finá sí i, tó bá rùn bí irun tó jóná, sílíìkì ni bíi ti ojúlówó, tó bá yọ́ bí ọ̀rá, pọ̀lísítà ni. Ẹ̀rù ń bà mí o. Ká ní sányán ni, ta ló máa fi féèkì gbá mi! Epo tún ta sí igun kan, ṣé kí n fọ̀ ọ́ fúnra mi àbí kí n gbé e fún dráìkílínà?