Kí la fẹ́ máa ṣe kí àkókò Ọlọ́run tó dé?

Ọmọ Òkè-Fìà
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará nínú Olúwa. Èmi ni mo máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní ẹ̀kọ́ Bíbélì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ níbí l'Óṣogbo, orí ọ̀rọ̀ sùúrù ni. Ìbéèrè wọn kò ju ọ̀kan lọ: "Àkókò Ọlọ́run ló dára jù, a ti gbọ́. Kí la wá fẹ́ máa ṣe kó tó dé?" Ẹni tó ti sin ìlú tán tí kò ríṣẹ́ wà níbẹ̀, ẹni tó ń wá ọkọ wà níbẹ̀, tọkọtaya tó ń wọ́mọ náà wà níbẹ̀. Mi ò fẹ́ fún wọn ní ìtùnú ẹnu lásán. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé sùúrù lòun ń ṣe, kì í ṣe ìmẹ́lẹ́? Báwo la sì ṣe ń mọ̀ pé a ti ń kánjú?

Olùkọ́ Sọ́ńdè Sùkúù
Àbúrò, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Jeremáyà 29 ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa la mọ ẹsẹ 11, èrò àlàáfíà. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ ka ẹsẹ 10 sókè: 70 ọdún. Kẹ́ ẹ wá padà sí ẹsẹ 5 sí 7: ẹ kọ́lé, ẹ gbin ọgbà, ẹ gbéyàwó, ẹ gbàdúrà fún ìlú tí mo kó yín lọ. Àwọn Júù tó wà nígbèkùn ní Bábílónì, tí Olúwa sọ fún pé wọn ò tíì ní í relé, àwọn náà ló ní kí wọ́n máa gbin nǹkan.

Lẹ́yìn náà, ẹ fún kálukú ní abala ìwé kan, kó fa ìlà sí i láàárín. Lápá òsì, ohun tó wà níkàáwọ́ mi. Lápá ọ̀tún, ohun tó wà lọ́wọ́ Ọlọ́run nìkan. Fún ẹni tó ń wáṣẹ́, ìwé ẹ̀rí tí kò tíì lọ gbà nílé ẹ̀kọ́, lẹ́tà ìwáṣẹ́ àti iṣẹ́ ọwọ́ tó lè kọ́, òsì ni gbogbo ìyẹn. Bóyá wọ́n á pè é, ọ̀tún ni. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni pé wọ́n á máa gbààwẹ̀ lórí ti òsì, wọn á sì máa fi àníyàn gbé ti ọ̀tún. Lóṣooṣù ni kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí nǹkan kan ò kúrò lápá òsì, ìmẹ́lẹ́ ti wọ̀ ọ́.

Ẹ wo Nehemáyà. Oṣù Kísíléfì àwọn Júù ló gbọ́ pé odi Jerúsálẹ́mù ti wó, oṣù Nísàn ló bá ọba Páṣíà sọ̀rọ̀, bí oṣù mẹ́rin ni. Nígbà tí ọba bi í léèrè, ó ti mọ ọjọ́ tó máa padà, ó mọ lẹ́tà tó fẹ́ gbà àti igi tó máa fi ṣe ẹnubodè. Ẹnu àdúrà ló wà tó fi ṣe gbogbo ìṣirò yẹn.

Aṣọ́nà Òwúrọ̀
Ní ti ìkánjú, 1 Sámúẹ́lì 13 ni. Ọba Sọ́ọ̀lù dúró fún ọjọ́ 7 tí wòlíì Sámúẹ́lì dá fún un pé òun á wá rúbọ, kò rí i, ló bá rú u fúnra rẹ̀. Bó ṣe ń rú ẹbọ sísun náà tán báyìí ni Sámúẹ́lì yọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ ka àwáwí rẹ̀ ní ẹsẹ 11 àti 12: àwọn èèyàn ń tú ká, ìwọ ò dé, Fílístínì ti kóra jọ. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀! Ohun tó ń mú kí ìkánjú le láti mọ̀ nìyẹn, ìdí rẹ̀ sábà máa ń dáa létí.

Nítorí náà, kí wọ́n má fi bí ọ̀rọ̀ ṣe le tó wọ̀n ọ́n. Kí wọ́n béèrè mẹ́ta yìí: Ṣé màá purọ́ kó tó ṣeé ṣe? Ṣé ẹ̀tọ́ ẹlòmíì ni màá gbà? Ṣé mo ń rú ohun tí Olúwa ti sọ tẹ́lẹ̀? Ìkan péré tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kó dáwọ́ dúró. Dáfídì gé etí aṣọ Sọ́ọ̀lù nínú ihò, kò pa á, ìtẹ́ ò sì bọ́ lọ́wọ́ Dáfídì. Ẹni 30 ọdún ni nígbà tó jọba.

Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ nípa àwọn wòlíì tó ń dá ọjọ́ fúnni, "kí oṣù yìí tó parí," tí wọ́n á tún bu owó lé e. Diutarónómì 18:22 ti sọ bí a ṣe ń dán irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wò: bí kò bá ṣẹ, kì í ṣe Olúwa ló sọ ọ́.

Ìyá Aláró
Ẹ kú àpérò, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣebí ìlú aró la wà, ẹ fi aró ṣàlàyé fún wọn. Èlú, ewé tí a fi ń ṣe aró, tí a rẹ sínú omi eérú kì í mú aṣọ lọ́jọ́ tí a pò ó. A ó dé e mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, á máa hó, á máa rùn, ẹni tí kò mọ iṣẹ́ á ní ó ti bàjẹ́. Bí a bá rẹ aṣọ tán tí a fà á jáde, àwọ̀ ewé ló máa kọ́kọ́ mú wá. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró lójú ẹni. Ìdí tí a fi ń sá a ká tó tún rì í nìyẹn. Ẹni tó bá rì í lẹ́ẹ̀kan tó fi sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ́ títí, tó rò pé á tètè dúdú, aṣọ rẹ̀ á ṣí nígbà tí wọ́n bá fọ̀ ọ́. Ìgbà tí aṣọ wà lórí okùn, tí ọwọ́ aláró ò sí lára rẹ̀, iṣẹ́ ṣì ń lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi "mú sùúrù" pa ẹni tó ń wọ́mọ lẹ́nu mọ́. Bí oṣù 12 bá pé tí wọ́n ti ń wá a láìsí oyún, tàbí oṣù 6 bí ìyàwó bá ti lé ní ẹni ọdún 35, kí àwọn méjèèjì lọ ṣe àyẹ̀wò, ọkọ pẹ̀lú! Àyẹ̀wò àtọ̀ kò le: kí ọkọ má bá ìyàwó lò pọ̀ fún ọjọ́ 2 sí 7 kó tó lọ. Ìgbàgbọ́ ò kọ ìyẹn. Bó bá sì rẹ̀ wọ́n láti gbàdúrà, kí wọ́n ka Orin Dáfídì 13, ẹsẹ 6 péré ni. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Dáfídì bi Olúwa pé yóò ti pẹ́ tó, Olúwa ò sì bínú sí i.

Ọmọ Òkè-Fìà
Ẹ ṣé gan-an, Màmá, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ó ku ẹyọ kan: ọ̀pọ̀ wọn ń gba ààwẹ̀ 21 ọjọ́ ti Dáníẹ́lì. Tí ọjọ́ bá pé tí nǹkan ò ṣẹlẹ̀, ọkàn wọn á bàjẹ́.

Olùkọ́ Sọ́ńdè Sùkúù
Ẹ ka Dáníẹ́lì 10:12 fún wọn. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni a ti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ 21 ló rà á. Ẹsẹ 3 náà sọ irú ààwẹ̀ tó jẹ́: oúnjẹ aládùn, ẹran àti wáìnì ló yẹra fún. Kì í ṣe pé kò fẹnu kan nǹkan kan. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú tàbí àtọ̀gbẹ, àti aláboyún, kí wọ́n bi dókítà wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.